Ta ló ń bẹ̀bẹ̀ fún kólékólé? Ìwé ẹ̀bẹ̀ àánú sí ọba Gẹ̀ẹ́sì, láàárín 1700 sí 1800

Akọ̀wé_Peckham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò.

Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ń ka àkọsílẹ̀ àwọn ẹjọ́ tí wọ́n dá ní Old Bailey, ilé ẹjọ́ ńlá Lọ́ńdọ̀nù. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, láti 1674 títí dé 1913. Àwọn kólékólé ni mo ń wá. Ẹjọ́ wọn kì í gùn. Ẹni tí wọ́n jà lólè á sọ tirẹ̀, ẹlẹ́rìí kan tàbí méjì á sọ tiwọn, wọ́n á bi ẹlẹ́jọ́ pé kí ló rí sọ, òun náà á ní òun kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ó parí nìyẹn. Ní ìsàlẹ̀ ìwé, ọ̀rọ̀ kan péré: Ikú.

Mo kọ́kọ́ rò pé gbogbo wọn ni wọ́n yẹgi fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ju ìdajì àwọn tí wọ́n dá lẹ́jọ́ ikú ní ọ̀rúndún yẹn ni kò dé ìdí igi. Ìwé ló gba ọ̀pọ̀ nínú wọn sílẹ̀, ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n kọ sí ọba. Àwọn ìwé náà wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Kew, mo sì ti lọ jókòó tì wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Òmíràn wá látọ̀dọ̀ ìyá, òmíràn látọ̀dọ̀ ọ̀gá iṣẹ́ tàbí àlùfáà ìjọ. Orúkọ àwọn ará àdúgbò á tò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí ìsàlẹ̀, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kọ á fa àmì àgbélébùú. Èyí tó mú mi dìde lórí àga ni pé nígbà mìíràn, ẹni tí wọ́n fọ́ ilé rẹ̀ gan-an wà lára àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀.

Kí ló fà á? Ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí kóòtù, tó náwó, tó búra, tó gbọ́ tí wọ́n pe ikú, kí ló tún mú un tọrọ ẹ̀mí olè lọ́wọ́ ọba? Ẹ bá mi dá sí i.


Ọmọ_Ẹ̀gbá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n èmi kò ní í bá yín sunkún olè o. Ẹni tó jí lóru tó bá àjèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀ ló lè sọ bó ṣe rí. Nígbà yẹn, kò sí ọlọ́pàá bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí, iná títì kò tó nǹkan, ilẹ̀kùn ẹni ni gbogbo ààbò ẹni. Mi ò sọ pé ikú ló dára. Mo kàn ń sọ pé ìbẹ̀rù àwọn tó ṣe òfin náà kì í ṣe àfọwọ́fà.

Ẹ̀bẹ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé kì í ṣe mọ̀-mí-kí-n-mọ̀-ọ́ ni? Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá mọ ìjòyè á yè, ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni á kú. Ibo ni àánú wà nínú ìyẹn?


Lọ́yà_Adó

Ẹ jẹ́ kí n la ọ̀nà díẹ̀ kí àríyànjiyàn yìí tó gba inú igbó lọ.

Ohun tí òfin Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní burglary yàtọ̀ sí olè jíjà lásán. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ilé tí èèyàn ń gbé. Ẹlẹ́ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ fọ́ nǹkan (ṣíṣí ìkọ́ ilẹ̀kùn pàápàá tó o) kí ó sì wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ nìkan ló kì bọ ojú fèrèsé. Ó gbọ́dọ̀ ní èrò láti ṣe ọ̀ràn ńlá nínú ilé náà. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ òru. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú rẹ̀, ẹjọ́ náà di ẹjọ́ mìíràn.

Òru yìí ni kókó. Aago kọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Tí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ bá ṣẹ́kù débi tí èèyàn fi lè dá ojú ẹnìkejì mọ̀, ilẹ̀ kò tíì ṣú lójú òfin. Òṣùpá kò kà. Ẹ lè rí bí ọ̀rọ̀ bíńtín yẹn ṣe lè gba ẹ̀mí là: júrì, ìyẹn àwọn ará ìlú tó ń pinnu bóyá ẹlẹ́jọ́ jẹ̀bi, tó bá fẹ́ ṣàánú á ní ó jalè lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dá wọn lójú pé ó fọ́lé, tàbí pé òru ni. Wọ́n á gbé e sínú ọkọ̀ lọ sí òkè òkun dípò igi.

Àwọn ọ̀daràn mìíràn ní ibi tí wọ́n ń sá sí, ìyẹn àǹfààní kan tó ti inú ọ̀rọ̀ àwọn àlùfáà ayé àtijọ́ wá, tó ń gba ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣẹ̀ lọ́wọ́ ikú. Wọ́n ti yọ burglary kúrò nínú rẹ̀ láti 1576. Nígbà tó di 1713, wọ́n tún ṣe òfin pé ẹni tó bá jí ẹrù tó tó ṣílè 40 nínú ilé, ikú ni, bí kò tilẹ̀ fọ́ ohunkóhun. Ẹ wá wo iye ìgbà tí júrì á ní ẹrù tó wọ̀nwọ́n bẹ́ẹ̀ kò ju ṣílè 39 lọ! Blackstone, ògbóǹtarìgì amòfin ayé ìgbà náà, sọ pé irú ìbúra èké yẹn jẹ́ ti olùfọkànsìn. Àánú ti ń ṣiṣẹ́ kí ìwé ẹ̀bẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ó sì kàn wá nílé. Nínú òfin ọ̀daràn tí a jogún ní gúúsù Nàìjíríà, fífọ́ ilé lọ́sàn-án jẹ́ ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Tó bá jẹ́ lóru, ẹ̀wọ̀n gbére ni. Àwa fi aago sí tiwa: láti aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀. Mo ti ṣe ẹjọ́ kan tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni gbogbo wa fi ń jà.


Ìyá_Ìbejì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjíròrò. Èmi kò kàwé bíi tiyín, ṣùgbọ́n Akọ̀wé béèrè ìbéèrè kan tí mo lè dáhùn.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, wọ́n já òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi lóru, wọ́n kó léèsì àti àǹkárá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó àjọ rà. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n mú ọmọ kan, ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kejì sí tèmi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Inú bí mi débi pé mo ní kí wọ́n fi í sí ibi tí oòrùn kò ti ní í ràn án.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá rẹ̀ wá. Òun, onílé wọn, ìyálọ́jà, àti bàbá arúgbó kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Obìnrin náà kò sọ pé ọmọ òun kò ṣe é. Ó kúnlẹ̀, ó ní òun kò wá jiyàn, òun wá bẹ̀ mí ni. Mo lọ wo ọmọ náà nínú àhámọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Kò lè wo ojú mi.

Mo padà lọ sọ fún wọn pé mo ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ má rò pé inú mi dùn o. Owó àjọ yẹn, ọdún méjì ni mo fi san án. Ṣùgbọ́n àdúgbò kan náà la jọ ń gbé. Mo rò ó pé tí nǹkan bá ṣe ọmọ yìí níbẹ̀, bí mo ṣe máa kọjá níwájú ilé ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́ nìyẹn. Mo fẹ́ kí wọ́n bá mi mú olè ni, mi ò fẹ́ kí wọ́n bá mi pa ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ó lè jẹ́ bó ṣe ṣe àwọn Gẹ̀ẹ́sì yẹn náà nìyẹn.


Akọ̀wé_Peckham

Ìyá wa, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí ẹ sọ yẹn, mo ti rí i nínú àwọn ìwé yẹn, mi ò kàn mọ bí mo ṣe máa pè é ni. Ní ayé ìgbà náà, ìjọba kò ní agbẹjọ́rò tó ń pe olè lẹ́jọ́. Ẹni tí wọ́n jà lólè ló ń gbé ẹjọ́ lọ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, tí wọ́n bá yẹgi fún ọmọkùnrin náà, gbogbo àdúgbò mọ ọwọ́ ẹni tó tì í. Ẹni náà lọ wá ìdájọ́, ó wá rí i pé ohun tí òun gbé wálé ju ohun tí òun ń wá lọ.


Tíṣà_Ọ̀yọ́

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún 26, mo sì nífẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìwé ẹ̀bẹ̀ ṣe ń rìn, torí ọ̀nà méjì ni, wọn kò sì jọra.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni Old Bailey ń jókòó lọ́dún. Lẹ́yìn ìjókòó, adájọ́ ìlú tí wọ́n ń pè ní Recorder á lọ sí ààfin, á jókòó pẹ̀lú ọba àti ìgbìmọ̀ rẹ̀, á sì ròyìn gbogbo ẹni tí ikú kàn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọba fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pinnu ẹni tí yóò kú àti ẹni tí yóò yè. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé kí ìjókòó yẹn tó parí, tàbí kó dé kíákíá lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ìwé àṣẹ ìyẹgi bá wá dé ọgbà ẹ̀wọ̀n Newgate, àwọn tó wà níbẹ̀ á gbọ́ orúkọ wọn tàbí kí wọ́n má gbọ́ ọ.

Ní àwọn ìgbèríko, adájọ́ ló ń rin ìrìn àjò kiri, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Á dá ẹjọ́ tán ní ìlú kan, kó tó gun ẹṣin kúrò níbẹ̀, ó lágbára láti dá ikú dúró fún ẹni tó bá wù ú, á wá fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí ọba fún àforíjì. Àwọn tí kò bá mẹ́nu bà, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ fún okùn nìyẹn. Àwọn ẹbí wọn ni wọ́n ń sáré. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ni wọ́n ní láti wá ẹni tó mọ̀wé, láti kó orúkọ jọ, láti fi ìwé náà ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Akọ̀wé àgbà ọba á gbà á, á sì dá a padà sí adájọ́ kan náà tó dá ẹjọ́ náà pé: kí lo rí sí i?

Ẹ wo ọgbọ́n àti ewu tó wà níbẹ̀! Ẹni tó ti dá ọ lẹ́jọ́ ni wọ́n tún bi léèrè. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọba sì ń tẹ̀lé ohun tí adájọ́ bá kọ. Ó lù wọ́n bí? Ṣé ó mú ohun ìjà dání? Ṣé ó wà nínú ẹgbẹ́ olè? Ṣé ìfọ́lé ti pọ̀ jù ní àgbègbè yẹn, tí wọ́n fi nílò ẹni tí wọ́n máa fi ṣe àpẹẹrẹ? Tí ìdáhùn sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ bá burú, orúkọ ọgọ́rùn-ún èèyàn kò ràn án.

Ohun tí wọ́n sì ń kọ sínú ìwé náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ọmọdé ni. Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí. Ọtí ló mu, tàbí ẹgbẹ́ burúkú ló kó o lọ. Ìyàwó rẹ̀ lóyún, ọmọ mẹ́ta ń wo ọwọ́ rẹ̀, tó bá kú, owó ìjọ ni yóò máa bọ́ wọn. Ilé dáadáa ló ti wá. Ọ̀gá rẹ̀ ṣì fẹ́ gbà á síṣẹ́. Ní ìparí, wọ́n á ṣèlérí pé àwọn yóò máa gbàdúrà fún ọba títí láé, ó ti di àṣà ìkọ̀wé ẹ̀bẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n má fojú kéré ìlà yẹn, torí fún ìyá kan ní Norfolk tàbí Essex, àdúrà yẹn ni ohun kan ṣoṣo tó ní láti fi san án.


Ọmọ_Ẹ̀gbá

Ìyá wa, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ sọ. Mi ò mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí.

Síbẹ̀, ìbéèrè mi ṣì wà nílẹ̀, Tíṣà. Ọ̀rọ̀ ta lo mọ̀ ni. Ọmọ tó ti abúlé rìn wọ Lọ́ńdọ̀nù láti wáṣẹ́, tí kò ní ọ̀gá, tí kò sí àlùfáà tó mọ orúkọ rẹ̀, ta ni yóò fọwọ́ sí ìwé tirẹ̀?


Tíṣà_Ọ̀yọ́

Ọmọ Ẹ̀gbá, orí ohun tó o sọ yẹn ni àwọn òpìtàn ti ja ìjà gidi. Ní 1975, Douglas Hay kọ ọ́ pé àṣírí agbára àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ gan-an: òfin tó le koko ní ọwọ́ kan, ìdáríjì ní ọwọ́ kejì. Tálákà á rí i pé ẹ̀mí òun wà lẹ́nu ọlọ́lá, á sì kọ́ láti máa wólẹ̀. Ní 1983, John Langbein dá a lóhùn pé rárá o, ohun tí adájọ́ ń wò kò ju bí ọ̀ràn náà ṣe wúwo tó, bí ẹ̀rí ṣe dájú tó, àti ìwà ẹlẹ́ṣẹ̀. Peter King lọ tú àwọn ìwé adájọ́ wò, ó rí i pé ọjọ́ orí kékeré, ìwà rere àtẹ̀yìnwá àti ẹbí tó ń wo ọwọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ wà lára ohun tó ń gbani jù.

Lójú tèmi, Hay rí ìbẹ̀rù náà dáadáa, ṣùgbọ́n ó fi iṣẹ́ àwọn aládùúgbò sílẹ̀ jù. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ìwé kì í ṣe ọlọ́lá nìkan. Alápatà wà níbẹ̀, aránṣọ wà níbẹ̀, aṣebúrẹ́dì wà níbẹ̀.

Tó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni ńlá nìkan ni, kí ló pa William Dodd? Àlùfáà tó ti wàásù níwájú ọba rí ni, ó kọ ìwé owó ayédèrú ní orúkọ ìjòyè kan. Èèyàn tó lé ní 20,000 ló fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, Samuel Johnson, òǹkọ̀wé olókìkí ayé ìgbà náà, fúnra rẹ̀ bá a kọ̀wé. Wọ́n yẹgi fún un ní oṣù kẹfà 1777.


Lọ́yà_Adó

Mo fara mọ́ ìbéèrè Ọmọ Ẹ̀gbá ju bí Tíṣà ṣe rò lọ. Ohun kan wà tí a kò tíì sọ: owó. Láti 1706, ẹni tó bá mú kólékólé tí wọ́n sì dá a lẹ́bi yóò gba pọ́n-ùn 40 lọ́wọ́ ìjọba. Owó ńlá gbáà ni fún òṣìṣẹ́ nígbà yẹn, ó lé ní owó ọdún kan fún ẹlòmíràn. Èyí ló bí àwọn amólè tí wọ́n ń fi ẹ̀mí èèyàn ṣòwò. Ní 1754 ni àṣírí ẹgbẹ́ wọn kan tú: àwọn ni wọ́n ń tan àwọn ọmọ aláìnílé lọ sídìí olè, àwọn náà ló ń mú wọn, wọ́n á sì pín owó orí wọn.

Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kì í ní ẹni tó máa kọ̀wé. Èèyàn ni aṣọ mi, a máa ń sọ ọ́ níbi ayẹyẹ. Ní Newgate, ìhòòhò ni ẹni tí kò ní aṣọ yẹn ń lọ sídìí igi.


Wúrà_Houston

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, mo sì fẹ́ mú ìhà kan wá tó ń dùn mí.

Àwọn tí ọba dárí jì, kì í ṣe ilé ni wọ́n ń lọ. Òfin 1718 ló là á sílẹ̀: ẹni tí wọ́n bá yọ kúrò nínú ikú, ọdún 14 ní òkè òkun. Tó bá padà kí ọdún náà tó pé, ikú ni. Nǹkan bí 50,000 ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n kó wá sí Amẹ́ríkà kí ogun òmìnira tó bẹ́, Maryland àti Virginia ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn bọ́ sí. Wọ́n á ta iṣẹ́ wọn fún àwọn olóko tábà.

Oko kan náà ni wọ́n kó àwọn èèyàn wa sí. Mo ti lọ dúró ní etí omi ní Annapolis, ìlú èbúté kan ní Maryland, níbi tí irú ọkọ̀ méjèèjì ti ń gúnlẹ̀. Kólékólé láti Lọ́ńdọ̀nù ní iye ọdún tó máa lò. Ọba ti ka ìwé ìyá rẹ̀. Ọmọ Áfíríkà tó ń ro ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò jalè, kò fọ́lé, kò sí ọdún tí wọ́n dá fún un, kò sì sí ọ́fíìsì kankan láyé tí ìyá rẹ̀ lè kọ̀wé sí.

Mi ò fi èyí pa ọ̀rọ̀ yín rẹ́. Àánú tí wọ́n rí gbà dùn mọ́ mi. Mo kàn fẹ́ kí ó wà nínú ìjíròrò yìí.


Akọ̀wé_Peckham

Wúrà, ó ti wà níbẹ̀, a kò sì ní í yọ ọ́.

Nígbà tí ogun ti ọ̀nà Amẹ́ríkà pa, wọn kò mọ ibi tí wọ́n máa kó wọn lọ mọ́. Ní 1776 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn sínú àwọn ọkọ̀ ojú omi ògbólógbòó tí wọ́n so mọ́ èbúté. Wọ́n tilẹ̀ kọ Áfíríkà sínú ìdájọ́ àwọn kan. James Ruse, ọmọ Cornwall, fọ́lé jí aago fàdákà méjì. Ní 1782 wọ́n dá a lẹ́jọ́ ikú ní Bodmin, wọ́n wá yí i padà sí ọdún 7 ní Áfíríkà. Kò dé ibẹ̀. Ọsirélíà ni ó bá ara rẹ̀, ó dáko níbẹ̀, òun sì ni ẹlẹ́wọ̀n àkọ́kọ́ tí wọ́n fún nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí mo fẹ́ sọ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí. Ìyá wa ló mú mi rántí rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1783, ọkùnrin mẹ́ta fọ́ ilé obìnrin kan ní abúlé Alburgh ní Norfolk. Wọ́n kó ilé náà gbẹ: aṣọ tó rọ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹran tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́ sínú ìkòkò. Wọ́n jókòó mu wáìnì obìnrin náà, wọ́n sì fi òfìfo ìgò sílẹ̀. Bàbá, ọmọ, àti ọ̀rẹ́ wọn ni. Henry Kable ni bàbá ń jẹ́, Henry Kable ni ọmọ náà ń jẹ́. Wọ́n dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́jọ́ ikú ní Thetford. Wọ́n yẹgi fún bàbá àti ọ̀rẹ́ ní Norwich. Wọ́n dá ọmọ sí nítorí pé ó kéré, wọ́n ní kó lọ lo ọdún 14 ní Amẹ́ríkà. Kò sí ọ̀nà Amẹ́ríkà mọ́, ó bá jókòó sí ẹ̀wọ̀n inú ilé olódi Norwich.

Ní ọdún kejì, wọ́n mú ọ̀dọ́bìnrin kan wá síbẹ̀, Susannah Holmes. Òun náà fọ́lé, ó kó aṣọ àti ṣíbí fàdákà. Ikú, wọ́n tún yí i padà sí ọdún 14. Nínú ẹ̀wọ̀n yẹn ni àwọn méjèèjì ti mọ ara wọn, ibẹ̀ ni wọ́n bí ọmọkùnrin sí ní 1786. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ṣègbéyàwó, wọ́n kọ̀ fún wọn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, àṣẹ dé pé kí wọ́n kó Susannah àti àwọn obìnrin mìíràn lọ sí Plymouth, láti wọ ọkọ̀ tí ń lọ sí Ọsirélíà. Àṣẹ náà kò sọ nípa Henry. Wọ́dà kan, John Simpson, ló sìn wọ́n lọ, ìyá gbé ọmọ rẹ̀ dání. Nígbà tí wọ́n dé ìdí ọkọ̀ ẹ̀wọ̀n, ọ̀gá ọkọ̀ ní àwọn obìnrin nìkan ni wọ́n kọ sínú ìwé òun, òun kò gba ọmọ. Wọ́n já ọmọ náà gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Kò tíì pé oṣù mẹ́fà.

Wọ́dà yẹn gbé ọmọ náà. Ẹ gbọ́ o, wọ́dà! Ó gbé e sórí itan nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ó ń fún un lóúnjẹ lójú ọ̀nà, ó dé Lọ́ńdọ̀nù, ó wá ẹni tó máa tọ́jú ọmọ náà fúngbà díẹ̀, ó sì kọrí sí ilé Lọ́ọ̀dù Sydney, akọ̀wé àgbà ọba fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Wọ́n ní kò lè rí i. Kò kúrò níbẹ̀. Ó dúró títí ó fi rí Lọ́ọ̀dù náà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó bá sáré lọ bá a, ó ro ẹjọ́ náà. Ẹnu ló fi bẹ̀bẹ̀, kò kọ ìwé kankan. Sydney gbọ́ ọ, ó pàṣẹ pé kí wọ́n dá ọmọ padà fún ìyá rẹ̀, kí Henry náà bá wọn lọ. Simpson gbé ọmọ, ó padà sí Norwich, ó mú bàbá, ó kó àwọn méjèèjì lọ sí Plymouth, ó sì fà wọ́n lé Susannah lọ́wọ́.


Ìyá_Ìbejì

Mo ń sunkún níbi tí mo jókòó sí. Ọmọ náà ńkọ́? Ṣé ó yè? Ìyá rẹ̀ ńkọ́?


Akọ̀wé_Peckham

Wọ́n yè, Ìyá. Gbogbo wọn dé Ọsirélíà nínú oṣù kìíní 1788. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejì, àlùfáà so wọ́n pọ̀, wọ́n wà lára àwọn tọkọtaya àkọ́kọ́ tó ṣègbéyàwó níbẹ̀.

Àwọn ará ìlú tí wọ́n ka ìtàn wọn nínú ìwé ìròyìn ti dá owó, 20 pọ́n-ùn, wọ́n fi ra aṣọ àti ohun èlò fún wọn. Ẹrù náà sọnù nínú ọkọ̀. Henry àti Susannah bá pe ọ̀gá ọkọ̀ náà lẹ́jọ́.


Lọ́yà_Adó

Dúró ná. Òfin Gẹ̀ẹ́sì kò gbà fún un. Ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́ ikú, tí kò tíì rí àforíjì pípé, òkú ni lójú òfin. Kò lè ní ohun ìní, kò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.


Akọ̀wé_Peckham

Bó ṣe rí nìyẹn, sà. Ilé ẹjọ́ tuntun yẹn gbọ́ ẹjọ́ náà síbẹ̀. Ẹjọ́ ohun ìní àkọ́kọ́ tí wọ́n dá nílẹ̀ Ọsirélíà ni, oṣù keje 1788, wọ́n sì ní kí ọ̀gá ọkọ̀ san pọ́n-ùn 15 fún wọn. Ní 1799, wọ́n fi Henry ṣe olórí àwọn ọlọ́pàá ìlú Sydney. Wọ́n yọ ọ́ ní 1802 torí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí ó rà lọ́nà àìtọ́ láti inú ọkọ̀ kan, ó ti di oníṣòwò nígbà náà.


Ọmọ_Ẹ̀gbá

Ilé kan náà, òru kan náà, orúkọ kan náà. Bàbá kú, ọmọ di ọ̀gá ọlọ́pàá. Ẹ̀gbọ́n, mo gbà fún yín. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn ò kúrò lọ́kàn mi o.


Tíṣà_Ọ̀yọ́

Kò kúrò lọ́kàn tèmi náà. Ẹ má gbàgbé pé àkókò tó le ni: ní 1785 nìkan, èèyàn 97 ni wọ́n yẹgi fún ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ní ọjọ́ kan ní oṣù kejì ọdún yẹn tí wọ́n yẹgi fún ogún papọ̀ níwájú Newgate. Ọdún 1837 ni ìfọ́lé tí kò ní ìwà ipá nínú tó bọ́ lọ́wọ́ ikú. Òfin ọdún yẹn kan náà ló fi aago sí òru fún wọn, Lọ́yà: mẹ́sàn-án alẹ́ sí mẹ́fà òwúrọ̀.


Lọ́yà_Adó

Ẹ ṣé, Tíṣà. Fún àwọn tó ń béèrè lọ́wọ́ mi nínú àpótí ìkọ̀kọ̀: bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀nà ìwé ẹ̀bẹ̀ yìí ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Ìwé òfin 1999, abala 175 fún ààrẹ, abala 212 fún gómìnà. Tí ẹ bá ní ẹni tó wà lẹ́wọ̀n, ẹ má dúró de agbẹjọ́rò nìkan. Ẹ wá ọ̀gá iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ wá tíṣà rẹ̀, ẹ wá ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí rẹ̀. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ lọ bá ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ẹ lọ pẹ̀lú àgbà, bí obìnrin yẹn ṣe lọ bá Ìyá wa.


Ìyá_Ìbejì

Akọ̀wé, jọ̀ọ́, tún bá mi kọ orúkọ wọ́dà yẹn. Àwọn ìbejì mi fẹ́ gbọ́ ìtàn náà lálẹ́ òní, mi ò fẹ́ ṣì í pè.


Akọ̀wé_Peckham

John Simpson, Ìyá. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Norwich ló ti ń ṣiṣẹ́.